Ẹsẹ̀ Lórí Bíréèkì

Kúnbi kúnlẹ̀ sínú pótópótó níwájú ṣọ́ọ̀bù Abíọ́nà mẹkáníìkì, ó sì kọ̀ láti dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ba bíréèkì ọkọ̀ yẹn jẹ́. Kí ọkùnrin ìjọba tó fẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò tó dé, ẹ bá mi bà á jẹ́."

Abíọ́nà nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ìyá Táyọ̀, dìde. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Lọ́la ni wọ́n ń gbé Bàbá Táyọ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù. Bí ọkùnrin yẹn bá lọ kọ ọ́ pé bíréèkì dára, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ yẹn."

Bọ́lájí, ọkọ rẹ̀, ni dírẹ́bà ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ oníke kan ní Ìsọlọ̀. Lọ́dún 1979 yẹn, owó epo ṣì ń ṣàn nígboro, ọ̀gá náà sì ra bọ̀gìnnì dúdú kan láti ìlú òyìnbó, irú èyí tó jẹ́ pé ẹ̀rọ oníná ló ń ṣọ́ bíréèkì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún Bọ́lájí. Wọ́n kàn ju kọ́kọ́rọ́ sí i ni. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, lọ́nà Aswani, obìnrin aláṣọ kan tó ń jẹ́ Ìsíátù gbé ẹrù sórí, ó sọdá lójijì. Bọ́lájí tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ò dúró, ó gbá obìnrin náà. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ Ìsíátù kan ní ọsibítù.

Láti ìgbà náà ni Bọ́lájí ti wà ní àtìmọ́lé l'Óṣòdì, tó ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ṣe ni bíréèkì náà ń jà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, pé ó ti bàjẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní irọ́ ni. Ó ní ọkọ̀ tuntun kì í bàjẹ́, ọtí ni dírẹ́bà mu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ìgbà tí Bọ́lájí ti Èkìtì dé Èkó, kò sẹ́ni tó rí ìgò ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

"Èmi náà ni wọ́n ń pè tún ọkọ̀ iléeṣẹ́ yẹn ṣe, mo sì ti fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà láàárọ̀," Abíọ́nà ní. "Páìpù rẹ̀ ò jò. Epo bíréèkì rẹ̀ kún. Kò sóhun tó ṣe é."

"Ẹ wá ohun tó máa ṣe é!"

"Bí mo bá gé páìpù, ojú ibi tí mo gé á máa dán, afọ́jú gan-an á mọ̀ pé òní ni wọ́n gé e. Wọ́n á wá ti èmi náà mọ́lé. Ṣùgbọ́n gbọ́, ọkọ rẹ ò purọ́. Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Kúnbi gbójú sókè.

Abíọ́nà mú ìdérí ìkòkò kan nílẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́. Ó ní òrùka irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tó léyín bí ayùn. Nǹkan kékeré kan ń ṣọ́ eyín náà bí wọ́n ti ń kọjá. Bí ilẹ̀ bá yọ̀, tí bíréèkì sì fẹ́ di táyà pa, eyín wọ̀nyẹn á lọ́ra lójijì. Àpótí kan nínú ọkọ̀ á mọ̀, á dẹ bíréèkì díẹ̀, á tún mú un, á tún dẹ̀ ẹ́, yóò máa yára ṣe é ju bí ẹsẹ̀ èèyàn kankan ti lè ṣe é lọ. Táyà ò ní yọ̀ lọ. Àmọ́ gbogbo ìdẹ̀ àti ìmú yẹn, lábẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà ló ti ń ta.

"Wo ọgbọ́n!" Ojú rẹ̀ ń dán. "Orí lọ́rì ni ọkọ rẹ ti kọ́ṣẹ́. Bí bíréèkì lọ́rì bá gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, wàá gbẹ́sẹ̀, wàá pọ́ǹpù ú, kó tó mú. Èyí ò fẹ́ pọ́ǹpù. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, fi ẹsẹ̀ síbẹ̀, jẹ́ kó máa gbọ̀n. Bí o bá gbẹ́sẹ̀ pẹ́nrẹ́n, o ti sọ fún un pé o ò dúró mọ́ nìyẹn."

"Ṣé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin tó ń bọ̀ náà?"

"N ò ní sọ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni màá jẹ́ kó sọ fún un. Òun náà á gbẹ́sẹ̀ bíi ti ọkọ rẹ, ọkọ̀ ò sì ní dúró."

Nínú ọgbà iléeṣẹ́ náà, wọ́n da omi ọṣẹ sórí sìmẹ́ńtì kó lè yọ̀ bíi títì lọ́jọ́ òjò, wọ́n to àwọn àgbá òfìfo sí ìparí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọládòṣù, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, dé lọ́sàn-án. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀ títí, ó sì fọwọ́ kan irin kan.

"Mẹkáníìkì, kí lèyí ń ṣe?"

Ká ní Abíọ́nà dákẹ́ ni, ì bá dára. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í rí pé báwo ni nǹkan ti ń ṣiṣẹ́ kó má dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí eyín irin. Kúnbi fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn, kò mọ̀. Ó sọ̀rọ̀ dé orí àpótí, ó sọ̀rọ̀ dé orí ìgbọ̀n, ọ̀rọ̀ sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Bó bá ti ń ta yín lẹ́sẹ̀ báyìí, ọ̀gá, ẹ má gbẹ́sẹ̀ o!"

Ọládòṣù wọlé sínú ọkọ̀. Ó fi eré wà á dé orí omi ọṣẹ, ó tẹ bíréèkì, ó fi ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ̀ gbọ̀n gìrì-gìrì, ó dúró, kò fara kan àgbá kankan.

"Mi ò tẹ bíréèkì tó dára tó báyìí rí," ni Ọládòṣù wí, ó sì fa bírò yọ.

Kúnbi ká ọwọ́ lérí. "Ẹ ti pa mí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹnu yín ló pa mí."

Abíọ́nà na ọwọ́ sí i. Obìnrin náà ti kọjá lára rẹ̀, ó dúró níwájú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé òun ló máa dá a dúró.

"Ọ̀gá, ẹ dákun. Ta ló ní kí ẹ má gbẹ́sẹ̀?"

"Mẹkáníìkì yìí náà ni."

"Ta ló sọ fún ọkọ mi?"

Bírò Ọládòṣù dúró.

"Ẹ pe ẹni tí wọn ò tíì sọ fún," Kúnbi ní. "Ẹ pe dírẹ́bà tó bá wù yín. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Àjàmú, dírẹ́bà lọ́rì, ń mu ọsàn lẹ́nu géètì, ó ń dúró kí wọ́n kó ẹrù fún òun. Wọ́n pè é.

"Èmi? Nínú bọ̀gìnnì?" Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀. "Kí n má lọ fi ẹrẹ̀ Ìsọlọ̀ kun ilé olówó. Kí ni kí n ṣe?"

"Wà á. Bó o bá dórí omi yẹn, kó o tẹ bíréèkì," Ọládòṣù ní.

"Ìyẹn nìkan? Tí gbogbo yín wá lejú bí ẹni tó fẹ́ sìnkú?"

Ó wà á lọ. Lórí omi, imú ọkọ̀ tẹ̀ wálẹ̀, ó gbé sókè, ó tún tẹ̀, ó tún gbé sókè. Ọkọ̀ yọ̀ gbéregbére wọ àárín àwọn àgbá, wọ́n dún gbànràngandan káàkiri ọgbà. Àjàmú bẹ́ sílẹ̀ láìwọ bàtà.

"Yéè! Ẹ má mú mi o! Bíréèkì yìí ti kú! Ó ń ta mí nípàá bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́!"

Kúnbi bú sẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń fò sókè. Ó wá rí àgbá kan tó ti tẹ̀ wọnú lábẹ́ ọkọ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"N ò lè kọ pé bíréèkì bàjẹ́," Ọládòṣù ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kò bàjẹ́. Ohun tí mo rí ni màá kọ: pé dírẹ́bà tó mọṣẹ́ ṣe ohun kan náà níṣojú mi, ẹnu rẹ̀ ò sì rùn fún ọtí. Ó lè jẹ́ kí wọ́n fún ọkọ rẹ ní béèlì lónìí. Ìyókù dọwọ́ adájọ́."

Abíọ́nà ló dúró fún béèlì náà. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n mú Bọ́lájí jáde, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀.

"Wọ́n ti rí i pé ó bàjẹ́, àbí?"

Ó wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Abíọ́nà ṣàlàyé fún un ní kúkúrú, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. Bọ́lájí ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ká ní mo fi ẹsẹ̀ síbẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá Táyọ̀, ẹ má bèèrè," Kúnbi ní.

"Ṣé ì bá dúró?"

Abíọ́nà kọjú sí títì. "Ì bá dúró."

Bọ́lájí jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá. Kúnbi fà á lápá, ó wúwo bí òkúta. Nígbà tó dìde fúnra rẹ̀, kò kọjú sọ́nà ilé.

"Ọsibítù wo ni obìnrin yẹn wà?"

"Àwọn èèyàn rẹ̀ wà níbẹ̀! Wọ́n á lù yín pa!"

Ó ti ń lọ. Kúnbi sáré tẹ̀ lé e, ó di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n kò dá a dúró.