Ọwọ́ Tó Wà Lábẹ́ Sìmẹ́ńtì

Ilé tí Belarmino Maes ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ní àfonífojì Mora lé ní igba, ṣùgbọ́n èyí tó máa ń fi yangàn jù ni ilé àwọn bàbá rẹ̀, níbi tí Cleofas, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ń gbé. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni nígbà tó rẹ́ ẹ. Ó kan wáyà mọ́ ògiri amọ̀ náà yíká, ó rẹ́ sìmẹ́ńtì lé e nígbà mẹ́ta, ó sì dán bí ojú àwo. Ó sọ fún Cleofas lọ́jọ́ náà pé, "Àǹtí, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹrẹ̀ pípò lọ́dọọdún."

Ọdún márùndínlógójì kọjá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan, Idalia, ọmọ Cleofas tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, pè é lórí fóònù.

"Bùọ̀dá, ògiri yín ti lóyún o."

"Ògiri wo?"

"Èyí tó kọjú sí odò. Ó wú síta nísàlẹ̀, ó sì sán láti ẹsẹ̀ fèrèsé dé ilẹ̀. Màmá ní kí n pe bíríkìlà ńlá kó wá wò ó."

Belarmino gbé àkàbà àti hámà sẹ́yìn ọkọ̀, ó lọ. Ó fi ìdí hámà kan ògiri, ó dún bí àgbá òfìfo. Ó ní kò burú jù, òun máa dí ibi tó sán.

Idalia ní, "Ẹ ti dí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Belarmino yí hámà padà, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan. Sìmẹ́ńtì tó fẹ̀ tó àtẹ́ já bọ́, ẹrẹ̀ sì ń ṣàn jáde tẹ̀lé e. Bíríkì amọ̀ tó ti gbé ilé náà dúró láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ ti rọ̀ bí búrẹ́dì tí wọ́n tì bọ kọfí. Omi òjò àti yìnyín ti ń gba ojú ibi tó sán wọlé láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, sìmẹ́ńtì ò sì jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde.

Cleofas wà lórí àga lábẹ́ igi ápù, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ojú rẹ̀ kì í rí.

"Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi nígbà yẹn?"

"Mo sọ. Mo ní ilé yìí ń mí. O ní ayé ti lajú."

Belarmino fi igi ti òrùlé kó má baà wó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ọjọ́ kẹta ló dé òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí omi ò dé. Ó gé wáyà, ó ki irin bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó fà á. Odindi sìmẹ́ńtì kan tó ga tó ilẹ̀kùn ṣí kúrò lára ògiri, ó lọ sílẹ̀ gbì. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Belarmino rí i pé kì í ṣe sìmẹ́ńtì nìkan ló ṣí. Ẹrẹ̀ bí ọgbọ̀n ìpele ló bá a lọ, èyí tí àwọn obìnrin ilé náà ń fi ọwọ́ rẹ́ lé ara wọn lọ́dọọdún kí òun tó dé. Ohun tó kù lójú ògiri jẹ́ ẹrẹ̀ àtijọ́ kan tí òun ò rí rí láyé òun.

Ó ń tàn yinrinyinrin bí ìpẹ́ ẹja. Oòrùn ọ̀sán ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó sì ń fi gbogbo ipa ọwọ́ hàn: ọgọ́rọ̀ọ̀rún àtẹ́lẹwọ́ tó ṣẹ́ kọ́rọ́, ìlà ìka mẹ́rin mẹ́rin, bíi pé àwọn tó rẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ fọwọ́ ni. Belarmino ti ń rẹ́ ògiri fún àádọ́ta ọdún, irin pẹlẹbẹ ló sì máa ń fi nu gbogbo ipa ọwọ́ tirẹ̀ nù.

"Idalia, gbé Màmá wá."

Wọ́n gbé Cleofas tàga-tàga wá síwájú ògiri. Ó na ọrùn wò ó.

"Ẹrẹ̀ Adelaida nìyí."

Adelaida ni ìyá Belarmino. Ọmọ ọdún méjì ni Belarmino nígbà tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró pa ìyá náà. Kò sí àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo láyé.

Cleofas ní, "Ọdún tí bàbá rẹ gbé e níyàwó ni. Ó ní ẹrẹ̀ wa ò lẹ́wà, ó mú kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó tiwọn wá láti orí òkè ilé wọn. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹrẹ̀ yẹn lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀, ìyẹn ni ò jẹ́ kí tọdún kejì dì mọ́ ọn dáadáa. Wo ibẹ̀ yẹn. Ọwọ́ Genoveva ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ le bí ẹsẹ̀ màlúù. Tèmi nìyí. Gbogbo wa, apá ọ̀tún ni ìlà ọwọ́ wa tẹ̀ sí. Wàyí, wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé."

Belarmino wò ó. Níbẹ̀, ibi tó fẹ̀ tó bùláńkẹ́ẹ̀tì kan, gbogbo ìlà náà tẹ̀ sí apá òsì.

"Ìyá rẹ nìkan ló ń lo ọwọ́ òsì nínú wa," Cleofas wí.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Belarmino. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tó ti jogún rẹ̀ fún un rí. Ó gun àkàbà díẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ sókè, kò sì jẹ́ kó kan ògiri. Ọwọ́ obìnrin náà kéré. Ọmọdébìnrin lásán ni ìyá rẹ̀ nígbà tó dúró síbí. Kò sọ̀ kalẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú ògiri.

Lọ́jọ́ kejì ó ní òun máa fi gíláàsì bo ibẹ̀.

"Lẹ́yìn sìmẹ́ńtì, gíláàsì ló kàn?" Cleofas bi í. "Yìnyín ń bọ̀. Ẹrẹ̀ tèmi wà lábẹ́ tìyá rẹ, ti ìyá mi wà lábẹ́ tèmi. Lọ po ẹrẹ̀."

Wọ́n yọ bíríkì tó rà nísàlẹ̀, wọ́n fi tuntun dípò wọn. Òun àti Idalia po ẹrẹ̀ mọ́ koríko gbígbẹ, wọ́n sì ń rẹ́ ẹ lọ́wọ́ lásán. Ẹ̀kúnwọ́ ẹrẹ̀ tí Belarmino kọ́kọ́ jù lé ògiri já bọ́ sórí bàtà rẹ̀.

"Bíríkìlà ńlá," Idalia ní.

"Rọra," Cleofas ní. "Bu omi lù ú kó lè gbà á."

Belarmino bu omi lu ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní ìgbẹ̀yìn. Ẹrẹ̀ ìyá rẹ̀ tàn gbòò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wò ó tẹ́rùn, ó bu ẹrẹ̀ tuntun sí ọwọ́ òsì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó sì fà á lọ.

Yìnyín pọ̀ lọ́dún náà. Nígbà tó yọ́, Belarmino lọ kúnlẹ̀ sẹ́sẹ̀ ògiri, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó gbẹ, ó sì le. Òjò ti bó díẹ̀ lára ẹrẹ̀ òkè. Idalia bi í bóyá òun lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó koríko jọ fún ẹrẹ̀ tọdún yìí. Ó ní kó kó o.