Nọ́mbà Mẹ́fà Tí Fúnkẹ́mi Kò Fẹ́ Kà

Ìyìn kọ́kọ́ pa gbogbo ojú ewé tó ṣí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹyọ kan kù: èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń yí ẹ̀kọ́ wọn padà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò Fájuyì, níbi tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà, kì í gbé ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọdún méje ló fi jókòó ti ẹ̀rọ náà títí ó fi mọ ohun tó ń dá a dúró àti ohun tó ń mú un rìn.

Akínbọ́lá, tó ń gbin ìrẹsì ní Igbemo, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú Fúnkẹ́mi ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Fúnkẹ́mi nígbà tí wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wọn sọ pé òun rí i nínú aṣọ lọ́yà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí bàbá rẹ̀ ní Bàbá Lọ́yà, lóko, nípàdé ẹbí, lórí àga iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ìtàn ni ọmọ mú ní yunifásítì, wọ́n sì ti gbà á wọlé.

“Bàbá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́,” ni Ìyìn wí. “Àyè kan ṣoṣo lọ́mọ ní. Tí mo bá ti yí i sí òfin, èyí tí wọ́n fún un tẹ́lẹ̀ ti bọ́ nìyẹn, kò ṣeé gbà padà. Igba ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni máàkì rẹ̀. Lésìí, wọn ò mú ẹni tí kò ní igba ó lé ọgọ́ta.”

“Ṣé ọmọ rẹ ni àbí ọmọ mi?”

“Ọmọ yín ni, Bàbá.”

“Kí ni kí wọ́n wá máa kí mi? Bàbá Onítàn? Àbúrò ìyá rẹ̀ ń pa ìtàn nídìí ẹmu lójoojúmọ́, ta ló fún un níwèé ẹ̀rí?”

“Bàbá mi,” ni Fúnkẹ́mi wí, “ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún mi bí wọ́n ṣe tẹ Igbemo dó.”

“Mo ń sọ ọ́ kí o lè tètè sùn ni.”

Ìyìn tẹ ohun tó yẹ kó tẹ̀. Nọ́mbà mẹ́fà wọlé sórí fóònù Fúnkẹ́mi. Láìsí nọ́mbà yẹn, ohunkóhun kò lè yí padà. Bí wọ́n bá tẹ èyí tí kò tọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ewé náà á tì pa títí di ọjọ́ kejì, alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jókòó síbẹ̀ yẹn gan-an sì ni àyípadà ẹ̀kọ́ ń parí. Fúnkẹ́mi mọ̀. Ìyìn náà mọ̀.

“Kà á fún mi.”

“Mẹ́rin, òdo, mẹ́jọ, méjì, méjì, ẹyọ kan.”

Pupa ló yọ. Ìyìn ní kó tún un kà. Ó tún un kà bákan náà, pupa náà ló tún yọ. Ìyìn dúró. Ó wo Fúnkẹ́mi, tó da ojú fóònù dé orí itan rẹ̀. Ọmọ náà kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù.

Ṣùgbọ́n Ìyìn kò tíì fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀ láìparí rí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

“Bàbá, nọ́mbà tó ń kà kọ́ ló wà nínú fóònù.”

Akínbọ́lá na ọwọ́. “Mú un wá, àbí kí o fi ẹsẹ̀ rìn lọ ulé.” Ó gba fóònù, ó gbé e fún Ìyìn, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ẹni tó fẹ́ di onítàn, irọ́ kan ṣoṣo, kò lè pa á kó dúró.”

Ìyìn tẹ nọ́mbà tó tọ́. Ó gbà á wẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ dùn, bó ṣe máa ń dùn nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá dá a lóhùn.

Nígbà tí ìwé jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sọ fún Akínbọ́lá pé ìwé ìgbàwọlé kọ́, ìwé àyípadà lásán ni. Akínbọ́lá ní kó fi ọ̀rá líle bò ó.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní Igbemo. Wòlíì gbé ìwé náà sókè, wọ́n pa àtẹ́wọ́, wọ́n ní kí Lọ́yà bá àwọn sọ̀rọ̀. Fúnkẹ́mi kúnlẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó ní, “Ẹ ṣé.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, orúkọ àwọn tí wọ́n gbà fún òfin jáde. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àyè rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìtàn ti di ti ẹlòmíì. Bàbá rẹ̀ ní kó máa bọ ìrẹsì nínú omi gbígbóná títí àkójọ orúkọ kejì yóò fi jáde. Òfin kò mú un nínú èkejì náà.

Kò sẹ́ni tó béèrè ní Igbemo. Ìwé ni wọ́n rí, wọ́n sì ti dúpẹ́ lé e lórí. Nígbà tí àyípadà tún ṣí lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òbí mọ́kànlá láti Igbemo mú ọmọ wọn wá sọ́dọ̀ Ìyìn. Owó tí wọ́n san ló fi ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kejì, èyí tó ń tẹ aláwọ̀. Ìwé àyípadà sí òfin tó ń tinú rẹ̀ jáde mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.