Ọ̀nà Tí Kò Sí Lọ́dọ̀ Mi

...àfi kó jẹ́ pé Daeng Ngalle ò tíì sọ fún ìyàwó ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Kò tíì sọ. Ká ní ó ti sọ ni, ṣé obìnrin yẹn á tún dìde láàárọ̀ yìí, á gún ọ̀gẹ̀dẹ̀, á pọ́n barongko sínú ewé, á ní kí ọkọ òun gbé e lọ síbi iṣẹ́? Iṣẹ́ wo? Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti ní kó lọ jókòó sílé. Ẹnu géètì ló gbé e dé, ó kó o fún sẹ́kúrítì, ó yí padà. Sẹ́kúrítì ló jíṣẹ́ fún mi: "Ó ní ti Ramlah ni méjì tó wà lókè yẹn, kí wọ́n má jẹ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Ti Ramlah. Tèmi. Ó wà níwájú mi, ó ṣì ń gbóná, n kò lè fọwọ́ kàn án.

Kí ni mo tiẹ̀ ṣe? Ráútà ìdánwò ni, àpótí kékeré orí tábìlì. Iṣẹ́ ráútà ni kó máa sọ fún aládùúgbò ẹ̀, ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, pé ibi báyìí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbà débẹ̀, ibùdó báyìí ló jìn. Aládùúgbò á gbà á gbọ́. Kì í béèrè ẹlẹ́rìí. Mo kọ nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì erékùṣù ìsàlẹ̀ ń lò sínú ẹ̀, kí ìdánwò mi lè jọ tòótọ́. Mo rò pé mo ti yọ wáyà tó so ó mọ́ àwọn tó kù — n kò yọ ọ́. Ló bá ń kéde: erékùṣù? Ẹ̀yìn mi níbí ni, ibùdó kan péré. Ọ̀nà tòótọ́ gba orí òkun, ibùdó mẹ́rin. Ta ló máa rin mẹ́rin tí wọ́n bá fi ọ̀kan lọ̀ ọ́? Gbogbo ìpè tó ń lọ sí erékùṣù yà sọ́dọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ ògiri ló wà lẹ́yìn àpótí yẹn.

Ogójì ìṣẹ́jú ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì erékùṣù fi kú. Nọ́ọ̀sì tó wà lọ́hùn-ún ń pe dókítà, ìpè ò wọlé. Wọ́n gbé aboyún sínú ọkọ̀ ojú omi, ó bímọ lórí omi. Ọmọ yè, ìyá yè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti béèrè...

Kì í ṣe ìyẹn. Má parọ́ fún ara ẹ, Ramlah. Àṣìṣe ni ti wáyà.

Orúkọ yẹn ni. Gbogbo wa ní ọ́fíìsì yìí, orúkọ Daeng Ngalle la fi ń wọlé sínú ráútà, láti ìgbà tó jẹ́ òun nìkan ló mọ iṣẹ́ náà. Òun ló kọ́ wa. Ọ̀lẹ ò jẹ́ ká yí i padà. Ìgbà tí Pak Mustamin, ọ̀gá wa, wo àkọsílẹ̀, orúkọ yẹn ló bá. "Ta ló ni èyí?" Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ti Daeng Ngalle ni, Pak."

Òótọ́ sá ni... òótọ́ pọ́nńbélé.

Daeng Ngalle wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. "Ó lè jẹ́ èmi, Pak. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́." Ó mọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló ti mọ̀. Ojú tì mí débi pé mo ń wo bàtà mi.

Mo sì ń sọ fún ara mi pé ó máa rọlẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn nínú wáyà: ìgbà tí mo fa àpótí yẹn yọ, ó dákẹ́, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí àwọn aládùúgbò fi gbàgbé ohun tó sọ, tí wọ́n padà sọ́nà orí òkun. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ráútà tó bá dákẹ́, irọ́ ẹ̀ á kú fúnra ẹ̀. Èmi náà dákẹ́. Mò ń dúró kó kú.

Kò kú. Sẹ́kúrítì ní ó tún wọ yunifọ́ọ̀mù wá lónìí, ó lọ̀ ọ́ dáadáa. Níbo ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́?

Orí àga ẹ̀ lèmi jókòó sí. Pak ló ní kí n bọ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń rí mi níbí, wọ́n ń rí i pé n kò sọ nǹkan kan —

Ah.

N kò dákẹ́ rárá. Láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, láàárọ̀, lọ́sàn-án, mò ń sọ ọ́ lásọtúnsọ: Daeng Ngalle ni, Daeng Ngalle ni. Ẹnu tí mo pa mọ́ yìí gan-an ni mo fi ń sọ ọ́.