Ihò Ara Fẹ́ǹsì

Àǹtí Máàpù ni wọ́n ń pè é ládùúgbò náà, torí kò sí ọjọ́ tó wá tí kò ní ká máàpù há abíyá. Ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìlú ló rán an wá, kó wádìí ibi tó yẹ kí ọ̀nà tuntun gbà. Ìbéèrè orí ìwé ti sú àwọn èèyàn, ló bá ní kí àwọn jọ ṣe eré kan: kí wọ́n tẹ́ máàpù sórí tábìlì, kí ìdérí ìgò jẹ́ ọmọ eré, kí àwọn tó ń gbébẹ̀ sì ṣe òfin ẹ̀ fúnra wọn.

Ṣọ́ọ̀bù Màmá Télọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Màmá ló fi òfin lélẹ̀ pé ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ kòtò lẹ́yìn òjò á padà sẹ́yìn ilé mẹ́ta.

Nígbà tó kan nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ládùúgbò náà, ó gbé ìdérí tiẹ̀ fo fẹ́ǹsì ilé iṣẹ́ oníke, ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọsibítù.

“Ẹ̀gbọ́n, ojoro lẹ ṣe yẹn,” Àǹtí Máàpù sọ. “Fẹ́ǹsì ló wà níbẹ̀.”

“Fẹ́ǹsì tí mò ń gbà kọjá lójoojúmọ́?”

Màmá Télọ̀ yọ awò ojú ẹ̀, ó kọjú sí nọ́ọ̀sì. “Ṣé ó di dandan kó o sọ ọ́ ni?”

Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí ihò ti wà lára fẹ́ǹsì yẹn. Bó bá dé orí máàpù, ilé iṣẹ́ oníke á dí i. Bí kò bá dé ibẹ̀, ọ̀nà tuntun á gba ibi tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ọkàn Àǹtí Máàpù ò balẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ gba ihò náà. Èjìká èèyàn ti mú kí etí búlọ́ọ̀kù máa dán. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi dé ọsibítù. Nígbà tó gba títì padà, ó di ogójì. Ó ní òun ò ní kọ ọ́, ó tún ní òun á kọ ọ́. Nígbà tí kò rójútùú ẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

“Ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ yìí. Kí la fẹ́ ṣe?”

“Má kọ ihò,” nọ́ọ̀sì ní. “Kọ ọ́ pé géètì la fẹ́.”

Màmá Télọ̀ mirí. “Ẹni tó béèrè géètì ti jẹ́wọ́ ihò.” Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dìbò, òun náà nawọ́.

Ọjọ́ kẹta tí ìwé dé ọ́fíìsì, búlọ́ọ̀kù tuntun ti dí ihò pa. Àǹtí Máàpù bá nọ́ọ̀sì nílé, tó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi gbígbóná lẹ́yìn tó gba títì dé.

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n.”

“Èmi náà ni mo ní kó o kọ ọ́.” Ṣùgbọ́n kò wojú ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìjókòó ò rọrùn fún Àǹtí Máàpù lọ́fíìsì. Àárọ̀ kan ò lọ kó má kan ilẹ̀kùn ọ̀gá ẹ̀. Nígbà tó yá, ó mú ọ̀gá náà rin ogójì ìṣẹ́jú yẹn nínú oòrùn ọ̀sán. Ọ̀gá ń nu òógùn títí wọ́n fi dé.

Lọ́sẹ̀ keje, wọ́n ṣí géètì síbi tí ihò wà tẹ́lẹ̀. Àǹtí Máàpù sáré lọ síbẹ̀, ó sì bá nọ́ọ̀sì tó dúró tó ń ka ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á máa tì í.

“Aago méje ni mo máa ń ṣíwọ́,” nọ́ọ̀sì sọ.

Àǹtí Máàpù ti ń tú báàgì, ó ń wá bírò.