Ọkọ̀ Kan Ni Gáréèjì Tuntun Gbà

"Kílọ́ọ̀ṣì! Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì!" Verna pariwo láti ẹnu ọ̀nà gáréèjì.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Jíà Ford ti han gooro, ọkọ̀ sì ti kú. Harlan, ọkọ rẹ̀ tó wà nídìí sítíárì, fi ìkúùkù gbá itan òsì rẹ̀, èyí tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti sọ di ọ̀lẹ.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń kó kúrò ní Owosso lọ sílé kékeré kan ní Lansing, nítòsí ọmọ wọn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni gáréèjì ibẹ̀ gbà, bẹ́ẹ̀ méjì ni wọ́n ní. Duane, tó máa ń ra ọkọ̀ àtijọ́, ń bọ̀ lọ́sàn-án yẹn wá gbé ìkejì. Chevrolet ọdún 1964 gùn gbọọrọ, ó ń dán, ó ń yí jíà fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan sì tó o. Ford ọdún 1930 ní tirẹ̀ ga, aláriwo ni, ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń fẹ́, èèyàn sì gbọ́dọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba jíà kan. Ṣùgbọ́n òun ni Harlan àti bàbá rẹ̀ tún tò, nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, fún ọdún mẹ́ta gbáko. Bàbá náà ti kú. Inú Ford yìí nìkan ni Harlan ti máa ń rántí pé òun náà jẹ́ ọmọ ẹnì kan.

"Kí Duane máa gbé Ford lọ," ó ní, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ọkọ̀ téèyàn ò lè wà, kí ló fẹ́ fi ṣe?"

"Bọ́ sílẹ̀."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo ní kó o bọ́ sílẹ̀, baba alágídí."

Láti ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, Verna ò di sítíárì Ford mú rí. Àwọn ọkùnrin wa níbí lè yá ọ nílé, wọn ò ní yá ọ ní ọkọ̀ bàbá wọn. Ó jókòó, ó ta ọ̀pá kékeré tó ń darí iná ẹ́ńjìnnì sókè, ó tẹ sítátà, ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀. Nígbà tó fẹ́ yí jíà, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó tún un tẹ̀, jíà wọlé wẹ́rẹ́. Ó wà á dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó padà.

Harlan la ẹnu sílẹ̀. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìwọ ni. Ogójì ọdún ni mo fi jókòó tì ẹ́. Ṣé o rò pé igi ni mo ń wò lójú ọ̀nà?"

Harlan bú sẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. Ibẹ̀ ni Duane bá wọn.

"Ẹ káàsán o. Èwo ni mo fẹ́ gbé?"

Harlan wo Chevrolet, èyí tó lè wà láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ó dùn ún dé egungun.

"Gbé Chevrolet."

"Harlan," Verna ní, "ṣé o mọ ohun tó ò ń sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì Ford, ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò jókòó níhà ibẹ̀ mọ́.

"Ó yá, máa wà á," ó ní. "Mi ò ní sọ̀rọ̀."

Verna mọ̀ pé irọ́ ni.