Ẹni Tó Ń Gbá Abẹ́ Igi

Ẹsẹ̀ ìyàwó mi kan ti wọ inú ọgbà, ìkejì ṣì wà níta, nígbà tí Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ṣọ́ tún fa ìwé kékeré yọ nínú àpò, tó kọ nǹkan sí i.

Mo rí i. Kò mọ̀ pé mo rí i.

Ó fi ìwé pamọ́, ó di ìyàwó mi lápá mú títí ẹsẹ̀ kejì fi kọjá. Ó ní, "Ìyá, ẹ gbé ìgbálẹ̀ yẹn síwájú, kí wọ́n lè rí i." Ìyàwó mi gbé e síwájú, ó wọlé lọ. Kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn, ó padà sórí àga rẹ̀ níta. Èmi dúró ti ògiri bí mo ti máa ń ṣe.

Òun ni ẹ̀ṣọ́ ọ̀nà ẹ̀yìn ọgbà náà. A ò mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìdì kọ́kọ́rọ́ tó wà níbàdí rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é. Ọ̀nà iwájú wà fún àwọn tó ń gbé ilé ńláńlá tó yí ọgbà ká, ilé kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀yìn wà fún ọmọlanke ìdọ̀tí, fún àwọn tó ń tọ́jú òdòdó, àti fún àwọn agbálẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìgbálẹ̀ dání, kò sẹ́ni tó ń wo ojú rẹ̀.

Mo mọ ibẹ̀. Bíríkìlà ni mí kí orúnkún tó kọ̀ fún mi. Èmi àti àwọn mẹ́fà la mọ ògiri ọgbà náà. A kọ́kọ́ mọ ọ́n dé èjìká. Àwọn onílé wò ó, wọ́n ní ká tún fi ìlà mẹ́rin lé e, nítorí àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ń rí inú. A fi lé e. Iṣẹ́ ni. N kò rò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyàwó mi lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nílé ìfọṣọ, ó ń lọ aṣọ. Ooru ibẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó fi máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, èémí rẹ̀ ti kúrú, oorun sì ti ń sá fún un. Tó bá sun wákàtí mẹ́ta, a dúpẹ́. Yàrá méjì la ní, lókè kejì. Fèrèsé wa kan ṣoṣo kọjú sí ògiri ilé tó tẹ̀ lé wa. Tí mo bá na apá, ọwọ́ mi á kàn án. Igi kan wà ládùúgbò wa rí. Wọ́n gé e, wọ́n fi ààyè rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó fún un lóògùn. Ó wá ní òun ò ní tan wá, oògùn nìkan ò lè ṣe é. Kó wá ibi tí igi wà, kó máa jókòó síbẹ̀ wákàtí kan láràárọ̀. Mo ní igi wo. Ó wo àdírẹ́sì wa lórí káàdì, ó sì dá a padà fún mi.

Kọ́kọ́rọ́ ló fẹnu ara rẹ̀ pè wá. Ó rí wa lọ́jọ́ kan níbi tí a fẹ̀yìn ti ògiri, tí ìyàwó mi ń mí hẹlẹ. Ó béèrè ohun tó ṣe é. Ó ní ká padà wá láago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìyá mú ìgbálẹ̀ dání. Mo bi í pé kí ló fẹ́ gbà. Ó ní òun ò fẹ́ nǹkan kan. Ó ní igi ò ní gbẹ torí pé ẹnì kan jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò bá mi lára mu. Mo ti dàgbà. Ẹni tó ń fún èèyàn lóhun tí kò sì béèrè nǹkan kan, ó ní ohun tó ń wá.

Ṣùgbọ́n ara ìyàwó mi ń le. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń sun wákàtí mẹ́rin. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó di mẹ́fà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá Télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé ṣe àríyànjiyàn lórí àtẹ̀gùn, èyí tí kò ṣe láti ọdún méjì. Télọ̀ bi í pé, "Ìyá, níbo lẹ ń gbé ìgbálẹ̀ lọ láràárọ̀? Ṣé ìdọ̀tí ilé wa ò tó yín gbá ni?"

Ìyàwó mi ní, "Èwo nínú rẹ̀? Tìdí ẹ̀rọ tìẹ yẹn ti bímọ, ọmọ ẹ̀ ti bímọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Kí ló kan Télọ̀ nínú ibi tí à ń lọ?

Igi kẹrin láti ẹnu ọ̀nà ni ìyàwó mi yàn. Ó ní gbòǹgbò rẹ̀ yọ síta bí apá àga. Kó tó jókòó, ó máa ń gbá gbogbo abẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi hàn. Ó ní òun ò lè jókòó nílé onílé kí òun máa wo ewé nílẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Mo ní ó káre.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni nǹkan yí. Ìyàwó mi sọ fún mi pé òun bá igi pẹlẹbẹ kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi náà, wọ́n ta òwú pupa mọ́ ọn lórí. Ó ní nígbà tí òun ń jáde, òun rí obìnrin onígíláàsì kan láti ọ̀ọ́kán, tó dúró síbẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ tú ilẹ̀. Mo mọ ẹni náà. Akọ̀wé ọgbà ni, òun ló ń bá àwọn onílé ńláńlá bójú tó ibẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, Kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí àkókò padà. Lónìí, ká wá láago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́la, kó tó lu méje. Mo béèrè ìdí. Ó ní ká ṣáà máa wá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìwé.

Mo to gbogbo rẹ̀ léra bíi bíríkì. Ó dúró, kò yẹ̀.

Mo sọ fún ìyàwó mi pé ọkùnrin yìí ń tà wá. Ó ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Mo ní ìfura loògùn àgbà. Ó ní oògùn téèyàn bá lò jù, májèlé ló ń dà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró ti ògiri ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí mo ń wo àpò Kọ́kọ́rọ́. Bí ogún ìṣẹ́jú kọjá. Mo ní kó fún mi ní ìwé tó wà nínú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe níbí. Mo tún sọ ọ́. Ó fi ìka lé ẹnu. Èmi gbà pé ẹni tó jẹ̀bi ló ń fi ìka lé ẹnu. Ohùn mi ga.

"Ta lò ń kọ orúkọ wa fún? Ìwọ lo pè wá. Ìwọ lo ní kó gbé ìgbálẹ̀. Ìyàwó mi kì í ṣe agbálẹ̀, ìwọ náà sì mọ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí láti inú. Akọ̀wé ló ṣí i. Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Obìnrin náà wò mí, ó wo Kọ́kọ́rọ́, ó wo ìgbálẹ̀. Kò bínú. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń wá ẹni tó ń gbá abẹ́ igi yẹn. Mo tiẹ̀ fi igi olówùú pupa sàmì síbẹ̀. Àwọn agbálẹ̀ wa kì í gbá ibẹ̀. A máa ń fi ewé sílẹ̀ kó jẹrà ni, òun ni igi ń jẹ. Mo rò pé agbálẹ̀ tuntun ni, tí wọn ò tíì kọ́ níṣẹ́. Ojú ọ̀nà nìkan ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ìyá máa gbá."

Mo wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ ìyàwó mi.

Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí ìyàwó mi ti ń gbá ilẹ̀. Ládùúgbò tiwa, ìdọ̀tí ni ewé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé oúnjẹ ni. Níbo ni ì bá ti gbọ́ ọ?

Akọ̀wé na ọwọ́ sí Kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ tú ìdì tó wà níbàdí rẹ̀, ó fi lé obìnrin náà lọ́wọ́. Ó mú fìlà rẹ̀ lórí àga. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fa ìwé kékeré yọ, ó fún mi, ó ní, "Ó dàbọ̀, bàbá." Ó lọ.

Mo ṣí i nílé. Àkókò ló wà níbẹ̀. Mọ́ńdè, akọ̀wé wọlé láago méje, ó jáde ní méje kọjá mẹ́wàá. Túsìdeè, ó wọlé ní méje àbọ̀. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú ewé mẹ́ta. Orúkọ wa kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí ìyàwó mi kò fi ní pàdé obìnrin náà ló ń wá.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti fi bíríkì dí ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹni tó dí i ò mọ iṣẹ́. Àwọn agbálẹ̀ wá ń gba ọ̀nà iwájú, wọ́n ń fi káàdì tó ní fọ́tò hàn kí wọ́n tó wọlé.

Télọ̀ wá bá mi lórí àtẹ̀gùn. Ó ní òun ti ń rí bí ara ìyá ṣe ń dán, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó òun náà lè máa bá a lọ. Mo ní ó ti parí.

Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìgbálẹ̀ fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó béèrè bóyá Kọ́kọ́rọ́ ti rí iṣẹ́. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí n lọ wádìí. Mo lọ. Àwọn tó ń gbé lágbo ilé rẹ̀ ní ó ti kó jáde, kò sọ ibi tó ń lọ.

Nọ́ọ̀sì ti fi oògùn kan kún ti tẹ́lẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ni ìyàwó mi ń sùn báyìí.