Ìdènà Tó Yẹ Kó Máa Jò

Bàbá mi ò fẹ́ kí ohunkóhun jò. Káfíńtà ni, bí ó bá kan ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ pàápàá ò ní ráyè gbà. Èmi ọmọ rẹ̀ wá lọ ń ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ pé jíjò ni ẹwà rẹ̀.

Odò ẹ̀yìn ilé wa ti gbẹ́ ara rẹ̀ jìn bíi kòtò. Bí òjò bá rọ̀, omi á sáré kọjá nísàlẹ̀, pápá tó wà lókè á sì máa gbẹ. Èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ri òpó igi mọ́ inú odò, a hun ẹ̀ka mọ́ wọn lára bí ìdènà, kí omi lè máa rọra gba àárín wọn kọjá, kí ẹrẹ̀ máa jókòó, kí ilẹ̀ odò máa ga díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi tún dé pápá. Àwọn aládùúgbò gbà, àmọ́ wọ́n là á mọ́lẹ̀: ilé kan ṣoṣo tí omi bá wọ̀, wọ́n á tú gbogbo ẹ̀.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti dé orókún nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi létí odò, pákó ń léfòó kiri. Mo sáré lọ síbi ìdènà, bàbá mi náà tẹ̀ lé mi. Gbogbo àlàfo rẹ̀ ni ẹnì kan ti fi amọ̀ àti àkísà dí pa. Mo mọ àkísà náà: aṣọ iṣẹ́ bàbá mi ni.

"Bàámi, kí lẹ ṣe yìí?"

"Ó ń jò," ó ní. "Àwọn èèyàn ń dúró wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ṣé kí n káwọ́ gbera kí wọ́n máa fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Ó yẹ kó jò! Ṣebí mo ti sọ fún yín, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó?"

"Mo rò pé àwáwí lò ń wá."

Inú bí mi débi tí omi fi bọ́ lójú mi. Kí n tó fèsì, àwọn aládùúgbò ti dé, aránṣọ tó kọjú sí ilé wa ló ṣáájú wọn.

"Ta ló fi amọ̀ dí i báyìí?"

Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n lè má tú iṣẹ́ wa mọ́. Mo wo bàbá mi. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n láti ọdún tó kọjá, ekukáká làwọn èèyàn fi ń gbé iṣẹ́ fún un mọ́. Orúkọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í bàjẹ́ nìkan ló kù fún un. Mo dúró kó fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Èmi ni," mo ní. "Mo ṣì í ṣe."

"Ó tán nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká tú u," aránṣọ náà ní.

Wọn ò mú irinṣẹ́ kankan wá. Bàbá mi ló wọ́ omi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé irin tó fi ń yọ ìṣó ńlá wá, òun náà ló sì yọ òpó àkọ́kọ́.

"Ẹ rọra o," ó ń sọ fún wọn. "Ẹ má fọ́ igi yẹn. Ọmọ mi ló rì í mọ́lẹ̀."